Ẹ̀rọ ka 318 lọ́jà, ilé ìwòsàn ka 142: èwo ni ká gbà gbọ́?

Arábìnrin kan láti Òkè-Baálẹ̀, níhìn-ín ní Òṣogbo, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá rẹ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọsàn bíbó ni wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, ó sì di ọdún kẹrin tí wọ́n ti ń bá àtọ̀gbẹ fà á. Metformin àti glimepiride ni dókítà kọ fún wọn. Àbúrò arábìnrin náà tó ń gbé Èkó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà ránṣẹ́ sí Màmá. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gún ìka Màmá nídìí àtẹ, ẹ̀rọ ka 318. Jìnnìjìnnì bá gbogbo wọn. Màmá lo glimepiride méjì dípò ẹyọ kan. Nígbà tó di òru, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò já geere mọ́, ọpẹ́lọpẹ́ ife Milo kan tí wọ́n po ṣúgà sí. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé ilé ìwòsàn láìtíì jẹ oúnjẹ àárọ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn: 142. Ohun tí arábìnrin yìí bi mí ni pé: ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni, èwo ni kí òun rà dípò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ló sì yẹ kí àwọn máa gún Màmá lọ́sẹ̀?

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lẹ bá wá, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbé mi lọ́kàn. Ohun tó ṣe Màmá lóru, gbogbo àmì rẹ̀ ni ti ṣúgà tó já wálẹ̀, kì í ṣe ti ṣúgà tó ga. Iṣẹ́ glimepiride ni láti mú kí ara tu insulin jáde, ìyẹn èròjà ara tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, yálà oúnjẹ wà níkùn tàbí kò sí. Glibenclamide tí àwọn àgbà mọ̀ sí Daonil náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ báyẹn. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn kún oògùn mọ́ tìtorí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ gbé jáde. Ẹ sì sọ fún dókítà Màmá nípa òru yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, kó mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Òru yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ì bá wúlò jù, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Bí irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ gún ìka wọn lójú ẹsẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ 70, ẹ po ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́ta sí mẹ́rin sínú omi díẹ̀ kí wọ́n mu ún, ìyẹn á tó gíráàmù 15. Ẹ ka ìṣẹ́jú 15 lójú aago, ẹ tún gún. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún pò ó. Bó bá ti gòkè, kí wọ́n wá jẹ oúnjẹ gidi. Omi ṣúgà lásán tètè ń ṣiṣẹ́ ju Milo lọ, torí ọ̀rá inú mílíìkì máa ń fà á sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ ò bá sí nítòsí, ẹ má máa wá a kiri, ẹ fún wọn ní ṣúgà ná. Bí wọn ò bá sì lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ó wá ku 318.

N kò rí ẹ̀rọ yín, n kò sì rí Màmá, ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá ni mo fura sí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó ń bó ọsàn láti àárọ̀, omi ọsàn ti gbẹ mọ́ ọn níka. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé. Nínú ọgọ́rùn-ún mililita omi ọsàn, ṣúgà glucose tí ẹ̀rọ ń wá máa ń tó gíráàmù méjì, yàtọ̀ sí àwọn oríṣi ṣúgà mìíràn tó wà níbẹ̀. Tí a bá fi òǹkà ẹ̀rọ sọ ọ́, 2,000 mg/dL nìyẹn, ìyẹn mílígíráàmù nínú ọgọ́rùn-ún mililita. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ òde òní ń fà mu ò sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kò tó ẹyọ ọkà bàbà kan. Ká ní ṣúgà Màmá jẹ́ 142 lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí omi ọsàn wá kó ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ á kà á ju 300 lọ. Ẹ̀rọ ò parọ́, ó ka ohun tí wọ́n gbé fún un: ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ọsàn. N kò sọ pé 142 náà ni ṣúgà wọn nígbà yẹn o, bóyá wọ́n ti jẹun, ó sì lè ti tó 200. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè fi ọwọ́ ọlọ́sàn mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá rò pé mò ń ṣe àsọdùn, ẹ fi sítíríìpù méjì ṣe é wò, ìyẹn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi bọ ẹ̀rọ kó lè fa ẹ̀jẹ̀ mu. Kí Màmá bó ọsàn méjì, kí ẹ gún ìka kan láìfọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ dáadáa, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí ẹ gún ìka mìíràn. Ẹ ó rí i. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, oyin, búrẹ́dì aládùn, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òwú tí wọ́n rẹ sínú sípírítì tí gbogbo ayé ń fi nu ìka kì í kó ṣúgà ọsàn kúrò tán. Ó ń pa kòkòrò, kì í fọ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi ni. Kí ọwọ́ sì gbẹ, torí omi tó bá kù níka á la ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà á wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí kò ríbi fọwọ́, tí kò sì fọwọ́ kan nǹkan aládùn, lè nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù kó lo èkejì. Ti ọlọ́sàn kò sí nínú ìyẹn.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí ọwọ́ bá mọ́ tónítóní ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ ilé á wá bá ti yàrá àyẹ̀wò mu rẹ́gí? Rárá, kò sì yẹ kẹ́ ẹ retí rẹ̀. Òṣùwọ̀n àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 15197, ọdún 2013 ni wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń lò báyìí. Ó ní bí ṣúgà bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ẹ̀rọ bá kà, ó kéré tán 95 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti yàrá àyẹ̀wò. Bí kò bá tó 100, kí ìyàtọ̀ má ju 15 lọ. Ẹ fi 142 Màmá gbé e: ẹ̀rọ tó bá ka ohunkóhun láti 121 sí 163 ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń gún ìka ẹ̀ẹ̀mẹta léra, wọ́n rí 134, 141, 150, wọ́n ní ẹ̀rọ ti ya wèrè. Sítíríìpù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣòfò.

Sítíríìpù yìí lọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá wá sí ìsọ̀ kẹ́míìsì mi láti ra ẹ̀rọ, èmi ò ní fi ẹ̀rọ hàn yín lákọ̀ọ́kọ́, iye tí sítíríìpù rẹ̀ jẹ́ ni n ó sọ. Ẹ̀rọ ń pẹ́ lọ́wọ́, ẹ ó lò ó fún ọdún púpọ̀, sítíríìpù ni ẹ ó máa rà títí. Ẹni tó ń gún ìka lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìgò oní-50 á tán fún un ní ọjọ́ 25. Ẹ̀rọ ti Accu-Chek kì í jẹ sítíríìpù OneTouch, ti On Call ò sì wọ inú Contour. Kálukú ló ní tirẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí, torí kò sí ẹni tó ń ta sítíríìpù rẹ̀ ní Òṣogbo. Ó dà bí kí wọ́n fún yín ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo tí wọ́n ń tà nílùú yín. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ rìn lọ sí kẹ́míìsì mẹ́ta, ọ̀kan ní Òkè-Baálẹ̀ tiyín, ọ̀kan lójú ọ̀nà Màmá sí ọjà, ọ̀kan ní Alékúwodò tàbí ibi tó bá yá yín lára. Ẹ béèrè sítíríìpù wo ni wọ́n ń tà jù, èló ni ìgò kan, mélòó ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní lórí àtẹ, tí owó rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa fi ọjọ́ kan bu ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Bí èyí tí àbúrò yín rà bá wà lára wọn, ẹ ò nílò òmíràn.

Ohun tó kù lára ẹ̀rọ ò le. Kí ojú rẹ̀ tóbi tó kí Màmá lè kà á láìwá awò. Kó má jẹ́ irú àtijọ́ tí ẹ ó máa tẹ nọ́ńbà kóòdù wọ inú rẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣí ìgò tuntun, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé ni yóò máa ka ìkàkúkà. Kí nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí, kí páálí má tíì tú. Bulutúùtù àti fóònù dára fún ẹni tó fẹ́ ẹ, Màmá ọlọ́sàn ò ní ṣe nǹkan kan pẹ̀lú rẹ̀.

Òǹkà tí ẹ̀rọ ń lò nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Mg/dL ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó ń ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, mmol/L ni wọ́n ń kà. Bàbá kan wọ ìsọ̀ mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ayọ̀ kún ojú wọn, wọ́n ní, "Dókítà ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó ju 130 lọ, mo ti gbé e dé 9.2!" Wọ́n ti dín oògùn wọn kù fúnra wọn torí ayọ̀ yẹn. Mo ní kí wọ́n jókòó. Ìlọ́po 18 ni wọ́n fi ń yí i padà: 9.2 ti Bàbá, nǹkan bíi 166 ni. Ojú wọn rọ, àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn tó fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ ò mọ̀, wọn náà ò mọ̀, èmi náà ì bá má mọ̀ ká ní wọn ò gbé e dání wá.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Lọ́dún 1971 ni Anton Clemens gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní Ames Reflectance Meter, ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo ju kílò kan lọ, ọ́fíìsì dókítà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ńlá ni wọ́n máa ń kán sórí páálí, wọ́n á dúró ìṣẹ́jú kan, wọ́n á fi omi ṣàn án kúrò kí wọ́n tó gbé e wọnú ẹ̀rọ kó wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yí padà. Ohun tí Màmá ń gbé sínú àpò ìró lónìí, tó ń dáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti rìn jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí sítíríìpù, torí ibẹ̀ ni èmi náà ti jẹ ìyà rí. Létí sítíríìpù kan, èròjà kan wà níbẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní énsáìmù. Ìyẹn ló ń mú glucose inú ẹ̀jẹ̀, tí iná mànàmáná díẹ̀ fi ń jáde, tí ẹ̀rọ wá ń ka iye rẹ̀. Énsáìmù ò fẹ́ ooru, kò fẹ́ atẹ́gùn ọlọ́rinrin, kò fẹ́ omi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀, mo ní ìgò sítíríìpù méjì tí mò ń fi yẹ ara àwọn oníbàárà wò, ó ku díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Mo da ọ̀kan sínú èkejì kí àyè lè gbà mí, mo sì gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí ọwọ́ mi ti ń tó o. Oṣù kẹta ni, ẹ mọ bí oòrùn Òṣogbo ṣe máa ń rí nínú oṣù kẹta. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèyàn bó ṣe wù ú. Mo dá ẹ̀rọ lẹ́bi, mo pààrọ̀ bátìrì, mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo jà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ló wá, ó gbé ìgò náà sókè, ó mi ín, ó ní, "Ta ló kó wọn pọ̀?"

Nítorí náà: inú ìgò tí ó bá wá nìkan ni kó máa gbé. Nǹkan tó ń fa omi wà nínú ìgò yẹn, òun ló ń pa á mọ́, nítorí náà ẹ má fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ ju ìgbà tí ẹ ó fi fa ẹyọ kan jáde lọ. Ọwọ́ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi fà á. Fíríìjì kọ́, inú ọkọ̀ kọ́, orí tẹlifíṣọ̀n kọ́. Ibi tí kò gbóná ju 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ ni, bíi nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ìgò, ẹ fi báírò kọ ọ́ sára rẹ̀. Àwọn kan ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ṣíṣí, àwọn mìíràn ní oṣù mẹ́fà. Ìwé inú páálí á sọ ti tiyín. Ọjọ́ ìparí tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò kan ìgò tó ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ sì máa yẹ ọjọ́ náà wò dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á. Ọlọ́jà kan tí n kò ní dárúkọ tà páálí kan fún mi rí, wọ́n ti fi nǹkan ha ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, wọ́n sì lẹ tuntun mọ́ ọn. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo fi mọ̀. Owó mi wọgbó.

Ti gígún ìka: ẹ̀gbẹ́ ìka ni, kì í ṣe góńgó rẹ̀ níbi tí wọ́n fi ń ka owó. Ìyá àgbà kan máa ń wá sọ́dọ̀ mi, aláró ni wọ́n láti ìgbà ọmọge wọn, aró ti wọ gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ wọn, èékánná wọn dúdú mìnìjọ̀. Ìka wọn le bí awọ bàtà. Ìgbà àkọ́kọ́, mo gbé kálámù abẹ́rẹ́ sí ìwọ̀n 2, nọ́ńbà tó ń sọ bí abẹ́rẹ́ á ṣe wọlé tó, mo gún wọn, nǹkan kan ò yọ. Mo gbé e sí 3, ó kàn pọ́n díẹ̀. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìka náà kíkan-kíkan nígbà tí mo rántí ara mi, torí bí a bá ń fún ìka bí ẹni fún ọ̀yàn ewúrẹ́, omi ara ni yóò máa bá ẹ̀jẹ̀ jáde, òǹkà rẹ̀ ò sì ní péye. Mo ní kí wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, kí wọ́n ju apá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Mo gbé e sí 5, mo gún ẹ̀gbẹ́ ìka òrùka. Ẹ̀jẹ̀ yọ roboto bí ẹyọ iyùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Aró ti dí ojú ọ̀nà láti ogójì ọdún, ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kàn rọra gba ibẹ̀ kọjá?" Nígbà ọyẹ́, gbogbo wa ló máa ń dà bíi Màmá aláró yẹn, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń tú u.

Sítíríìpù fúnra rẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ẹ kan etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, ẹ dúró kó kún. Ẹ má kán ẹ̀jẹ̀ lé e lórí, bí kò bá sì kún, ẹ má padà lọ fi kún un. Ẹ lo òmíràn.

Abẹ́rẹ́ yẹn ń kó ìpayà bá mi ju ẹ̀rọ lọ. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ wọlé: ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó ilé, aládùúgbò, gbogbo wọn á na ìka, "Ẹ bá mi wo tèmi náà." Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gún gbogbo ilé. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ń gba ibẹ̀ wọlé, HIV náà sì ń gba ibẹ̀. Yíyí abẹ́rẹ́ nìkan ò tó, kálámù tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ gan-an, ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Ti Màmá, ti Màmá ni. Ẹni tó bá fẹ́ wo tiẹ̀, kó wá sí kẹ́míìsì. Abẹ́rẹ́ tí ẹ bá lò tán, ẹ sọ ọ́ sínú ike líle kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ọṣẹ olómi, ẹ dé e pinpin, kí ọmọ tó ń gbálẹ̀ má baà fi ẹsẹ̀ wá a rí.

Ẹ bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gún insulin ní láti máa wò ó lójoojúmọ́, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ẹni tó ń lo metformin nìkan, tí ara rẹ̀ balẹ̀, kò nílò kó máa gún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Màmá wà láàárín, tìtorí glimepiride. Ní tèmi, kí dókítà wọn tó sọ òmíràn: àárọ̀ méjì lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, àti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì yí oúnjẹ kan ká, ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n tó jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àti ìgbàkígbà tí ara bá ń gbọ̀n, tí orí bá ń yí wọn, tàbí tí àìsàn mìíràn bá dé. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, 80 sí 130 ni wọ́n ń fẹ́ láàárọ̀, kó má sì tó 180 lẹ́yìn oúnjẹ. 142 Màmá láàárọ̀ ọjọ́ náà ga díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn irú òru yẹn àti ife Milo, n kò ní fi ṣe ìdájọ́ kankan.

Wíwo ṣúgà yí oúnjẹ ká yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ń parí ìjà. Ẹ mọ ìjà tí mò ń sọ. Wọ́n á ní àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n ni oúnjẹ alátọ̀gbẹ, kò sí iye téèyàn lè jẹ tó lè ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n á ní ẹ̀bà ni ọ̀tá. Wọ́n á ní wíìtì ló dára jù. Oníbàárà mi kan fi oṣù mẹ́ta jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ òkèlè ràbàtà láàárọ̀ lálẹ́, ó ń ṣe kàyéfì pé ṣúgà òun ò wálẹ̀. Mo ní kó wò ó yí i ká. Kó tó jẹun, 124. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 231. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jẹ ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀ àti ẹja méjì, ó kúrò ní 119, ó dé 168. Àmàlà kan náà ni. Ìyàwó rẹ̀ tí kò gbà tẹ́lẹ̀ pé òkèlè pọ̀jù, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti gún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Màmá: ọ̀sẹ̀ kan àmàlà, ọ̀sẹ̀ kan ìrẹsì, ọ̀sẹ̀ kan mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọlọ́gọ́ta ojú ewé: ọjọ́, aago, nọ́ńbà, ohun tí wọ́n jẹ, oògùn tí wọ́n lò. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá dókítà, ó wúlò fún un ju kẹ́ ẹ sọ pé "ó ń lọ sókè-sódò" lọ.

Mélòó kan kù tí mo fẹ́ sọ wéré. Bí wọ́n bá ti sọ fún Màmá rí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ rán dókítà létí, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó máa ń mú kí ẹ̀rọ ka ṣúgà ga ju bó ṣe wà lọ. Bí wọ́n bá ń gba ààwẹ̀ Ramadan, kí wọ́n rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ nítorí glimepiride yẹn. Gígún ìka kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, bó bá sì wọ abẹ́ 70 tàbí tó kọjá 300, kí wọ́n ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, irú FreeStyle Libre tó ń wo ṣúgà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì láìgún ìka nígbàkígbà, ó dára gan-an fún ẹni tó ń gún insulin, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á gbé owó ọsàn Màmá mì, kò sì pọn dandan fún wọn.

Bí 318 bá tún jáde lọ́jọ́ kan, kí Màmá fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ mú ìka mìíràn àti sítíríìpù mìíràn. Bó bá ṣì ga, oògùn wọn ò ní kúrò ní iye tí dókítà sọ, kí wọ́n máa mu omi, kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Bó bá ń lé ní 300 títí, tàbí tí wọ́n ń bì, tí oorun ń kùn wọ́n, tí wọ́n ń mí gúlegúle, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ á mọ́, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀rọ tí àbúrò yín rà, ẹ má tíì jù ú nù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ Màmá, ẹ gbé e dání. Bí wọ́n bá ti fà á tán ní apá, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gún ìka wọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró de èsì. Bí ìyàtọ̀ ò bá ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, owó ẹ̀rọ tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ ná yẹn, ẹ fi ra sítíríìpù. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ àti ìgò rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Màmá má tíì jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà o, kí wọ́n má sì bó ọsàn kankan.